Ṣé ayédèrú ni abọ́ tí kò ní orúkọ nídìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Amọ̀kòkò. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Jàpáànù rán abọ́ tíì kan sí mi. Ó ní ìlú kan tó ń jẹ́ Mashiko lòun ti rà á. Abọ́ náà pọ́n, kò ní etí tí èèyàn lè fi dì í mú, wọ́n sì da nǹkan funfun kan sí i lára bí ìgbà tí ògì bá ṣàn sílẹ̀. Mo yí ìdí rẹ̀ wò, n kò rí orúkọ kankan. Nígbà tí mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo rí i pé inú rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Ṣé wọ́n rẹ́ àbúrò mi jẹ ni? Ṣé mo sì lè fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́? (Òǹkàwé yín, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé kànìnkànìn onírin yẹn sílẹ̀ ná. Wọn kò rẹ́ àbúrò yín jẹ.

Amọ̀kòkò tó sọ Mashiko di ìlúmọ̀ọ́ká ni Hamada Shoji, tí wọ́n bí ní 1894. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní St Ives, ní Ìlú Ọba, láti 1920, ó máa ń tẹ òǹtẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó padà sílé, tó fìdí kalẹ̀ sí Mashiko, ó jáwọ́ nínú ìyẹn. Ara àpótí onígi tí wọ́n ń gbé abọ́ sí ló ń kọ orúkọ sí. Ní 1955, ìjọba Jàpáànù fi oyè dá a lọ́lá, wọ́n ní ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ìdí abọ́ rẹ̀ ṣófo. N kò sọ pé tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín o! Ó ti kú láti 1978, owó ọmọ ilé ìwé kò sì lè ká a. Ṣùgbọ́n níbi tí abọ́ yín ti wá, àìsí orúkọ kì í ṣe àbùkù.

Ògì tó ṣàn yẹn ńkọ́? Ìgbakọ ni wọ́n fi bù ú, wọ́n fì í lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Wọ́n ní àlejò kan sọ fún Hamada pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni. Hamada ní kó fi 60 ọdún kún un.

Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n rà lọ́jà. Glaze ni wọ́n ń pe ohun dídán tó bo ara abọ́ yẹn. Nínú èyí tó funfun, eérú èèpo ìrẹsì ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Èyí tó pọ́n ni kaki, orúkọ èso kan tó pọ́n bí àgbálùmọ̀ tó ti jinná. Òkúta àdúgbò ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ omi. Irin inú òkúta yẹn ló ń mú un pọ́n. Iná gbangba tí ìyá mi fi ń sun ìkòkò ní Ìlọrin kò lè yọ́ ọ, nítorí iléru gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí ìyá mi ń ṣe ni pé yóò ki ìkòkò gbígbóná bọ omi èèpo igbá, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, kí ó lè dán.

Nígbà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ gbìyànjú glaze eérú, n kò fọ eérú náà. Mo ti ọwọ́ bọ inú báàfù, mo ń pò ó bí ẹni po ẹ̀bà. Nígbà tó di alẹ́, ọwọ́ ń ta mí, awọ orí ìka mi ń bó. Ìyá kan tó ń se ọṣẹ dúdú ládùúgbò wa rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Omi tí òun ń sẹ́ láti fi se ọṣẹ ni mo ti ọwọ́ bọ̀! Amọ̀kòkò á da omi nù, á mú eérú. Ọlọ́ṣẹ á mú omi, á da eérú nù.

Ní ti sísán, bí abọ́ bá ń tutù, glaze àti amọ̀ jọ ń súnkì ni. Bí glaze bá súnkì ju amọ̀ lọ, á ya wẹ́wẹ́, ẹ tiẹ̀ lè gbọ́ ọ tí yóò máa dún tín, tín. Ẹ fi èékánná ta etí abọ́ náà. Bó bá dún gooro, ara rẹ̀ le. Tíì yóò wọ inú àwọn ìlà yẹn, wọn yóò sì máa dúdú sí i. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Michael Cardew tó lọ kọ́ṣẹ́ ní St Ives ní 1923, nígbà tí Hamada ṣì wà níbẹ̀, ló wá dá ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Suleja, tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà, ti kọ́ iṣẹ́ glaze.

Ẹ rẹ abọ́ náà sínú omi díẹ̀ kí ẹ tó da tíì sí i. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Fóòmù rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé e pa mọ́, torí ìdí tí kò ní glaze yẹn ń fa omi mu, ó sì lè bu. Ẹ bi àbúrò yín bóyá àpótí onígi bá abọ́ náà wá. Bó bá ti jù ú nù, ẹ bá mi bá a wí.