Bí ogún William Leidesdorff ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ẹ béèrè bí William Leidesdorff, oníṣòwò kan tó ní ilẹ̀ tó ju 35,000 éékà lọ ní Kalifóníà ṣe kú, tí ilẹ̀ náà kò sì kù sọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdáhùn yìí, mo sì fi méjì ṣòfò nínú rẹ̀, nítorí pé San Francisco, níbi tí Leidesdorff ti là, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, dípò erékùṣù Saint Croix ní òkun Kàríbíánì, níbi tí ìyá rẹ̀ wà.

Erékùṣù yẹn, tí Dẹ́nmáàkì ń ṣàkóso rẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n bí Leidesdorff sí ní 1810. Ọmọ Dẹ́nmáàkì ni bàbá rẹ̀. Anna Marie Sparks, ìyá rẹ̀, sì jẹ́ ìran ilẹ̀ Áfíríkà. Leidesdorff ṣòwò ní New Orleans, ó di ọmọ Amẹ́ríkà níbẹ̀, ó sì dé San Francisco ní 1841, nígbà tí ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Yerba Buena, tí Mẹ́síkò sì ń ṣàkóso rẹ̀. Awọ màlúù àti ọ̀rá ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Nítorí ilẹ̀ ló ṣe di ọmọ Mẹ́síkò ní 1844, tí Gómìnà Micheltorena, tó ń ṣàkóso Kalifóníà fún Mẹ́síkò, sì fún un ní ilẹ̀ ńlá tó wà létí odò American. Síbẹ̀, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun kan náà ló di igbákejì kọ́ńsù Amẹ́ríkà, ìyẹn igbákejì aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà níbẹ̀. Mo ti di lẹ́tà kan nínú ìwé rẹ̀ mú, tí wọ́n ká mẹ́rin, tí ìda tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, èdè Sípéènì ló sì fi kọ ọ́.

Ibà líle pa á ní oṣù Karùn-ún 1848, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Kò ní aya, kò kọ ìwé ìhágún, gbèsè sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ti rí wúrà ní Coloma, ní Kalifóníà, nítorí náà ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Joseph Folsom, ọ̀gá ológun kan, wọkọ̀ lọ sí Saint Croix, ó sì fi 75,000 dọ́là ra ẹ̀tọ́ ìyá náà. Owó gidi ni lójú ìyá àgbà kan ní erékùṣù, ṣùgbọ́n ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo fi í wé iye tí ilẹ̀ náà padà tó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kalifóníà pe ẹjọ́, wọ́n ní àjèjì ni ìyá náà, kò lè jogún, nítorí náà òfìfo ni Folsom rà. Wọn kò rí ilẹ̀ náà gbà. Ìwé ẹjọ́ yẹn ló là mí lójú pé ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún ni kókó gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n máa ń sọ pé Leidesdorff ní ní New Orleans sílẹ̀. Mo sọ ọ́ níwájú àwùjọ rí, mo sì padà lọ tọrọ àforíjì, nítorí n kò rí ìwé kankan tó tì í lẹ́yìn. Àwọn ìwé àtijọ́ erékùṣù náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2017, lọ́dọ̀ ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Dẹ́nmáàkì. Orúkọ ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wá a.