Má tíì ra ọ̀dà: ohun tí ojú mi rí lára ògiri kan ní Òkè-Báálẹ̀

Àbúrò mi, ẹ kú oríire ilé o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbé e pẹ́. O ní yàrá méjì àti pálọ̀ ni bàbá ọkọ rẹ fún yín ní Àyétòrò, pé ₦350,000 péré ló wà lọ́wọ́, o sì fẹ́ mọ àwọ̀ ọ̀dà àti irú kọ́tíìnì tí yóò jẹ́ kí pálọ̀ náà wuni. O wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò kà á sí pé ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn "ń bó díẹ̀díẹ̀". Ibẹ̀ yẹn ni àyà mi ti já. Mo ní láti dá ọ lóhùn lálẹ́ yìí kí o tó kó owó fún pẹ́ńtà.

Ní 2019 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ilé àtijọ́ kan ní Òkè-Báálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Oṣù keje la kun ún, nínú òjò, torí àwọn àna mi ń bọ̀ láti Èkó wá ṣọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ilé ní wúruwùru. Nígbà tí pẹ́ńtà parí, ilé ń dán gbinrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri fi lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi pupa bíi tíì ṣàn sí mi lọ́wọ́. Lábẹ́ rẹ̀, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ ti hù sára sìmẹ́ǹtì. Mo gbá a kúrò, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó tún ti hù. Aṣọ òkè ìgbéyàwó mi wà nínú àpótí tó fara ti ògiri yẹn. Ọjọ́ tí mo ṣí i, ó ti bu, àmì dúdú ti tò sí i lára kalẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Pẹ́ńtà ní ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú la rà. A ra ọlọ́wọ̀ọ́n, ó tún bó. A pe ẹnjiníà. Ó wọ bàtà dídán wá, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó ní kí a wó ògiri náà kí a tún un mọ, ó sì gba ₦15,000 owó ẹsẹ̀. Ẹnì kejì ní kí a fi sìmẹ́ǹtì tó ki rẹ́ ẹ lé ti tẹ́lẹ̀. A rẹ́ ẹ. Omi tí ì bá máa gba ìsàlẹ̀ jáde kò rí ọ̀nà mọ́, ó gòkè, ó dé abẹ́ fèrèsé. Títí di òní, inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, torí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n jẹ.

Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ bíríkìlà ló kó wa yọ. Ó wá ṣiṣẹ́ nílé aládùúgbò wa, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá mi wò ó. Àdá ló kọ́kọ́ béèrè. Ó jáde síta, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Àṣé àwọn tó ni ilé tẹ́lẹ̀ ti ń da yanrìn àti yangí sí àgbàlá, ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ! Gbogbo òjò tó bá ti orí páànù ṣàn, ẹsẹ̀ ògiri ló ń dà sí, ògiri sì ń fà á mu bí òwú àtùpà ti ń fa epo.

Bàbá yìí ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Gé nylon tó mọ́, kó tó ojú ìwé ìròyìn. Nu ibi tó ń bó, fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí nylon náà mọ́ ògiri kí atẹ́gùn má wọlé, kí o fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi wà. Tó bá jẹ́ ojú tó kọjú sí yàrá ló tutù, omi inú atẹ́gùn ilé ni, fèrèsé ni kí o máa ṣí.

Tiwa, inú ògiri ni. A gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn títí ó fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, a fi sìmẹ́ǹtì ṣe gọ́tà tí yóò gbé omi lọ síwájú. A ṣí sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ògiri kúrò, a sì fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò láti oṣù kẹwàá títí ọyẹ́ fi parí. Ojú tì mí sí àlejò, ṣùgbọ́n mo fara dà á. ₦48,000 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì, sìmẹ́ǹtì àti ẹnjiníà ti gba ₦140,000 kó tó dìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà la rẹ́ ẹ, a dán ojú rẹ̀, a kùn ún. Ìyẹn ò le.

Wo òkè náà. Gun inú sílíǹgì lọ ní ọ̀sán gangan, ibi tí o bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tíntín ni páànù ti lu. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà abẹ́ ìṣó ló ti gbó. Ṣùgbọ́n tí sílíǹgì yín bá jẹ́ asbestos ayé àtijọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí kó fi sáńpépà ha á. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀dà àtijọ́ ara ilẹ̀kùn náà, òjé lè wà nínú rẹ̀. Fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí ọmọdé má sí nítòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé ṣe, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ́fíìsà. Níbi tí a ti ń pààrọ̀ páànù mẹ́ta péré, àwọn kan dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì gbàgàdà sí iwájú ilé mi, wọ́n ní kí n wá "rí ọ̀gá". Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì. Mo ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwé tó ní òǹtẹ̀, kí n lọ san án ní báńkì. N kò rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ra ọ̀dà tí mo fi pa àmì náà rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi yàrá kún ilé, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wáyà ńkọ́? Mú mágínẹ́ẹ̀tì dání lọ sọ́jà. Tó bá fa irin inú wáyà mọ́ra, kì í ṣe kópà gidi, má rà á.

Àwọ̀ lo béèrè. Tí pálọ̀ bá ṣókùnkùn, funfun tàbí àwọ̀ wàrà ni kí o kun òkè. Ìsàlẹ̀, tí ọwọ́ ọmọ àti erùpẹ̀ pupa Òṣogbo máa ń bà, kùn ún ní àwọ̀ tó dúdú díẹ̀, ọ̀dà tó ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ògiri bá gbẹ nìkan. Fún kọ́tíìnì, àdìrẹ aláró ni mo lò, Òṣogbo la wà, kò jìnnà sí wa. Fi aṣọ funfun pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ lẹ́yìn kí oòrùn má bàa pa aró rẹ̀, kí o sì dá fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Àga, ra igi àtijọ́ tó lágbára, kí o tún tìmùtìmù rẹ̀ ṣe.

Lẹ nylon yẹn lálẹ́ yìí. Lọ́túnla, wá sọ fún mi ojú ibi tí omi sẹ̀ sí.