Ẹ má tíì fi wọ́n tọrẹ: ohun tójú mi rí lórí ọmọ ológbò márùn-ún

Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ọmọ ológbò mẹ́rin tẹ́ ẹ bá lábẹ́ pákó lẹ́yìn ilé. Ẹ ní ó ti di ọjọ́ kẹta tẹ́ ẹ ti rí ìyá wọn gbẹ̀yìn, ẹ ní ẹ máa kó kúrò nínú ilé yẹn kí oṣù kan tó pé, ẹ wá ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa tètè rí ẹni gidi tó máa gbà wọ́n, àti bóyá ó dáa kẹ́ ẹ fi méjì fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ "tètè" yẹn ló gún mi lọ́kàn. Èmi náà fẹ́ tètè ṣe é nígbà tèmi, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí mo pè fún ìrànlọ́wọ́ nígbà náà tó kìlọ̀ fún mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Márùn-ún ni tèmi. Oúnjẹ wọn ò le: mílíìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ológbò ni kẹ́ ẹ rà, ti màlúù máa fún wọn ní ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ jẹ́ kí ara wọn móoru kẹ́ ẹ tó fún wọn, kí wọ́n sì dojú bolẹ̀ mu ún, kì í ṣe kẹ́ ẹ tẹ́ wọn sẹ́yìn bí ọmọ èèyàn. Tí wọn ò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí wọn kí wọ́n lè tọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà.

Ìgbà tí mo ní kí n wá ilé fún wọn ni wàhálà dé. Mo pe ibùdó kan tí wọ́n ti ń gba ẹranko tí ò nílé. Ẹni tó gbé fóònù ní àwọn ti kún, kí n pè padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo pè padà, ẹlòmíì ló gbé e, ó bi mí bóyá orúkọ mi wà nínú ìwé. Ta ló sọ fún mi pé à ń kọ orúkọ sínú ìwé? Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó gbé ẹyọ kan ṣoṣo sókè, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní ara wọn le, kí n máa fi wọ́n tọrẹ. Kò wọ̀n wọ́n, kò béèrè ọ̀sẹ̀ wọn, kò dárúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rárá. Ó gbowó rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn. Ó gbé ọmọ ológbò kan dání nínú àpò, ó ní òun rí i lójú títì, pé èmi ni mo kúkú ń tọ́jú wọn. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo fi í sínú páálí àwọn tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn: inú páálí kan náà. Aṣọ kan náà ni wọ́n sùn lé, abọ́ omi kan náà ni wọ́n mu, ọwọ́ mi kan náà ló ń gbé gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìdílé kan wá. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n ní ológbò kan nílé tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n mú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun nínú àwọn márùn-ún. Dókítà ti ní ara wọn le, mo sì gbà á gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e dé ẹnu mọ́tò wọn.

Lọ́jọ́ kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ ológbò inú àpò yẹn kọ oúnjẹ. Ó lọ jókòó ti abọ́ omi, ó gbé àgbọ̀n lé etí abọ́, ó ń wo omi náà, kò mu ún. Mo jáde, mo wọlé, ibẹ̀ náà ni mo bá a. Mo fi ìka tọ́ omi sí i lẹ́nu, ó ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Mo pe dókítà. Ó ní aran ni, kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́, ó ti kú. Nígbà tó máa fi di alẹ́, méjì nínú tèmi ti ń bì, omi yẹ́lò tó ń hó bí ọṣẹ. Mo nu páálí, mo pààrọ̀ aṣọ, mo gbé wọn sí àyà mi títí di ìdájí. Ọ̀kan lọ kí oòrùn tó yọ, èkejì lọ lọ́sàn-án, ọwọ́ mi ló kú sí. Ẹni tó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé ò gbé fóònù mi mọ́.

Dókítà mìíràn ló yẹ ìgbẹ́ wọn wò lọ́jọ́ Ajé. Panleukopenia ni, àrùn burúkú kan tó máa ń ti ara ológbò kan ran òmíràn. Ó fa omi sí àwọn méjì tó kù lára, ọ̀kan bọ́, ọ̀kan ò bọ́. Mo wá pe ìdílé tó gba ẹlẹ́sẹ̀ funfun. Tiwọn ti kú láti ọjọ́ Sọ́ńdè, wọn ò sì lè pè mí torí wọ́n rò pé àwọn ni wọn ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ológbò wọn àtijọ́ náà kú, kò gba àjẹsára rí. Ìyá ilé náà ò bínú sí mi. Ó ń sunkún lórí fóònù, ó sì ń dúpẹ́ pé mo pè. Ẹkún yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú àrùn tó jẹ́. Ológbò lè máa gbé e kiri fún ọjọ́ méjì sí mẹ́wàá kó tó hàn lára rẹ̀, ó sì lè ti máa ran ẹlòmíì. Kì í ran èèyàn, àmọ́ bàtà àti ọwọ́ èèyàn lè gbé e wọlé. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilé fún ọdún kan. Ọṣẹ ò pa á, ọtí tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ ò pa á. Bílíìsì ló ń pa á: ife 1 nínú ife omi 32, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, kó sì wà lójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Páálí àti aṣọ, ẹ kó wọn dànù. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, yàrá ọ̀tọ̀ ni, ọjọ́ 14, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin títí ọmọ náà á fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gún un sórí ìwé, kí ìwé náà bá ológbò lọ. Dókítà tí ò bá dárúkọ èyí fún yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ò tiẹ̀ tíì sọ bóyá ikùn wọn yó. Tí ikùn wọn bá kún tí wọn ò sì ké, ó ṣeé ṣe kí ìyá wọn máa wá lóru. Ẹ bu ìyẹ̀fun wọ́n yí pákó yẹn ká lálẹ́, kẹ́ ẹ lọ wo ojú ẹsẹ̀ ológbò lówùúrọ̀. Tó bá ń wá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún un ná. Òun náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà fún iṣẹ́ abẹ tí ò ní jẹ́ kó bímọ mọ́ kẹ́ ẹ tó kó lọ, torí oyún ológbò ò ju bí ọjọ́ 63 sí 65, àwọn míì á tún wà lábẹ́ pákó yẹn láìpẹ́.

Ní ti àwọn tó máa gbà wọ́n, ẹ ya fọ́tò, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ àti ará ibi iṣẹ́, ẹ mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ má kọ "ọ̀fẹ́ ni" síta. Àwọn kan ń wá èyí tí wọ́n máa fún ejò jẹ, àwọn kan ń wá èyí tí ajá wọn máa fi kọ́ ìjà. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ ẹ san owó abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ bi í bóyá onílé gbà á láyè, ta ló máa fún un lóúnjẹ tó bá rìnrìn àjò, ṣé ó ti ní ológbò rí, níbo ni ìyẹn wà báyìí. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan sọ fún mi pé mẹ́ta ti sọnù lọ́dọ̀ òun láàárín ọdún kan, ó sọ ọ́ bí ẹni tí bírò rẹ̀ sọnù. Mi ò fún un. Ẹni tó ní òun fẹ́ kó máa pa eku kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ kàn bi í bóyá ó ń lo májèlé eku, torí ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé ológbò lọ sílé ẹni náà, kẹ́ ẹ rí fèrèsé, kẹ́ ẹ rí ajá tó bá wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá sú òun, ọ̀dọ̀ yín ló ń padà sí.

Ẹlòmíì á dá a padà torí pé obìnrin kan lóyún nílé, pé dókítà ní kí wọ́n lé ológbò jáde nítorí kòkòrò toxoplasma tó lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú. Kí ẹlòmíì nílé máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kòkòrò náà ò lè ranni kó tó pé ọjọ́ kan ó kéré tán.

Ẹ má fún wọn ní paracetamol láé, díẹ̀ báyìí ń pa ológbò. Oògùn eégbọn ti ajá tó ní permethrin nínú náà ń pa wọ́n, ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ìyarun tó há ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kó òwú ìránṣọ nílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbé e mì. Tí ọ̀kan bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nítorí dìgbòlugi.

Oṣù kan tẹ́ ẹ ní yẹn, ó lè má tó. Wọn ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, méjìlá ló tiẹ̀ dáa jù. Tó bá gba kẹ́ ẹ kó wọn dání lọ sílé tuntun, ẹ kó wọn dání. Ní ti méjì fún ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣe é. Ara wọn ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń géni jẹ jẹ́jẹ́ láìdápàá síni lára, wọn ò sì ní máa ké lóru. Àmọ́ tó bá jẹ́ akọ kan abo kan, kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí ò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ fún wọn tàbí kí ọjọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé, abo lè lóyún lóṣù mẹ́rin, àbúrò ẹ̀ ló sì máa fún un.

Ẹ bá mi gbé wọn sórí ìwọ̀n lónìí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa ń súnmọ́ 900 gíráàmù. Ẹ wo ojú wọn pẹ̀lú, bóyá ó ṣì jẹ́ búlúù tàbí ó ti ń yí padà. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbí, màá bá yín ṣírò iye ọ̀sẹ̀ tó kù.