Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rọ Fi Pe “Gbígbà” Ní “Gígbà”?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, mà. Mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. Èdè Yorùbá ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tó tó mílíọ̀nù, kó má wulẹ̀ dán an wò. Ogójì ọ̀rọ̀-ìṣe péré, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń jáde lára wọn, ni mo fọwọ́ kọ sínú ìwé. Olùkọ́ mi wá ní kí n lọ wo ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú lọ́jíìkì. Ṣé ogójì tó? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ó tó, ọmọ mi. Ó tilẹ̀ pọ̀ ju èyí tí èmi fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Mẹ́ta ni tèmi: rí di rírí, kí di kíkí, bí di bíbí. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi wá òfin tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kíá ló dáhùn: pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò purọ́ o! Ohun tí mo fi hàn án ló rí. Ìgbà tí mo fi lọ àti lílọ kún un ni òfin yẹn wó, torí pé kò sẹ́ni tó ń sọ “lọlọ”. Mo fi rà–rírà àti kú–kíkú sí i kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pé, ó sì gbé òmíràn wá: mú kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́, fi í olóhùn òkè tì í lẹ́yìn, kí o wá gbé odindi ọ̀rọ̀-ìṣe náà kalẹ̀. Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ́ àwọn ọmọ girama gan-an nìyẹn, kí n tó fi pátákó sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga.

Mo bá fún un ní gbà. “Gígbà” ló kọ. Mo fún un ní gbé, ó ní “gígbé”. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kí n tó rí i pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Mo ti sọ fún un pé ohun tí ìka tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni lẹ́tà kan. Ó rí g, ó rí b, ó kà wọ́n sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà 25 ni tiwa, gb sì jẹ́ ọ̀kan. Mo kọ ọ́ fún un báyìí: ìbẹ̀rẹ̀(gbà, gb). Ó tún un ṣe, gbígbà sì jáde.

Ohun tí olùkọ́ rẹ ń sọ nìyẹn. O fún ẹ̀rọ ní àpẹẹrẹ tó tọ́, o fún un ní èyí tí kò tọ́, o sì fún un ní ohun tí ìwọ alára ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun á wá òfin tó bá gbogbo rẹ̀ mu. Stephen Muggleton ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1991, Inductive Logic Programming. Prolog, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n sábà fi ń ṣe é, kì í ṣe àlejò nídìí èdè ènìyàn rárá: ìlú Marseille ni Alain Colmerauer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní 1972, torí pé ó fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ Faransé. Ní 1996, John Zelle àti Raymond Mooney fi 250 ìbéèrè lórí odò, ìlú àti ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́ ètò wọn, CHILL, bí yóò ṣe máa sọ ìbéèrè di ohun tí àkójọ ìmọ̀ lè dáhùn. Ó sì ṣe dáadáa ju ètò tí ènìyàn ti fọwọ́ kọ fún iṣẹ́ kan náà lọ. Igba lé àádọ́ta ìbéèrè! Kò lè kún ìwé àjákọ kan.

Lọ gba SWI-Prolog, tó ń jẹ́ kí Prolog ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àti Popper, ètò tó ń bá ni wá òfin, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún ọ. Nínú ogójì rẹ, fi mẹ́wàá pamọ́ fún ìdánwò, kí ẹ̀rọ má fojú kàn án. Má sì gbàgbé àwọn oní-sílébù méjì, bíi gbàgbé fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Kò sí òfin èdè tí ọ̀rọ̀ kan kì í yapa sí. Kí ni ẹ̀rọ yín fẹ́ ṣe sí èyí tó bá yapa? — Olùkọ́, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ sọ. A ń sọ pé “ó pè mí, ó pè wá, ó pè wọ́n”, ṣùgbọ́n “ó rí mi, ó rí wa, ó rí wọn”. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ olóhùn òkè, àbọ̀ (ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé e) á bọ́ sí ohùn àárín. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbọ̀ á gòkè. “Yín” wá ń kọ́? “Ó pè yín, ó rí yín.” Kò mira.

Ní 1995, Mooney àti Mary Elaine Califf ṣe ètò kan, FOIDL, tó ń to òfin bí àkàbà. Èyí tó yapa á wà lókè, òfin gbogboogbò á wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì dúró níbi àkọ́kọ́ tó bá bá a mu. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán an wò: go tó ń di went wà lókè, -ed wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọgbọ́n yẹn ni mo fi gbé “yín” sí ìlà òkè, òfin tiwa sì di ìlà mẹ́ta péré. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara firíìjì. Ọkọ mi rò pé ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà ni. (Mo yọ àbọ̀ ẹnì kẹta ẹyọ kúrò, “ó rí i, ó pè é”, torí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń yá lò. Iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn ni.)

ÌBÉÈRÈ: Ṣé irú èyí ló wà nínú ChatGPT tó ń bá mi sọ Yorùbá lórí fóònù? — Bàbá Ìbejì, London.

ÌDÁHÙN: Rárá, Bàbá. Ìyẹn ka ìwé rẹpẹtẹ ni, ó sì kọ́ bí a ṣe ń méfò ọ̀rọ̀ tó kàn. Bó bá ṣìnà, kò sí ìlà kan tí ẹ lè nàka sí bí mo ṣe nàka sí gb. Ṣùgbọ́n n kò ní bú u. Àbúrò mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ̀wé lórí fóònù. Bó bá kọ “igba”, ẹ̀rọ olófin mi kò mọ̀ bóyá igba ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà. Amẹ́fò yẹn á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká, ó sì sábà máa ń bọ́ sí i. Ẹ bá mi bi í, bí gbẹ́ bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ló máa jẹ́? Ẹ fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi.