Ṣé lóòótọ́ ni ìlù rédíò ń wí pé "Bólúbàdàn bá kú"?

Ìbéèrè: Bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín bó bá rántí ìlù ìdánimọ̀ rédíò ìjọba láyé ijọ́un. Ó ní ohun tó ń wí ni "Bólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ṣùgbọ́n etí bàbá yín kò tàn wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí ìlù náà sọ: "This is the Nigerian Broadcasting Service", orúkọ iléeṣẹ́ náà láti 1951 kó tó di Corporation ní 1957. Ohùn nìkan ni awọ ìlù ń gbé jáde, kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn nínú Gẹ̀ẹ́sì bó ti ń ṣe nínú èdè wa. Etí Yorùbá gbọ́ ohùn, ó wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fi wọ̀ ọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: àwọn mìíràn ní "Kò sónígbèsè níbí, ẹ lọ sílé kejì" ni àwọn gbọ́. Ẹ fẹnu lù ú wò. Bó-lú-bà-dàn-bá-kú: mí mí dò dò mí mí. Ẹ yọ "kò" kúrò níwájú èkejì, ẹ pe só-ní-gbè-sè-ní-bí: mí mí dò dò mí mí. Ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ ni! Ti Olúbàdàn tún pani lẹ́rìn-ín nítorí pé ọba kì í kú lẹ́nu wa, ó ń wàjà ni. Ìlù wá la ọ̀rọ̀ èèwọ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ìdí nìyí tí àyàn gidi kì í fi í ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lásán. Oríkì ni wọ́n ń lù, òwe ni wọ́n ń lù, ọ̀rọ̀ gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní òwe-òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀fẹ̀ yìí wà lórí fóònù wa náà, àfi pé ó dorí kodò. Ìlù mú ohùn, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì mú lẹ́tà, ó fi ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sílẹ̀. Bí obìnrin kan bá kọ "Oko mi ti baje" ránṣẹ́, ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ló dẹnu kọlẹ̀ ni, àbí ọkọ rẹ̀ ló yàyàkuyà, àbí màlúù ló wọ oko rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kò tíì mọ̀ bóyá mẹkáníìkì ni kóun pè tàbí ẹbí.