Dátà tán, tidyverse ò wọlé, àrọ̀ sì di méjì nínú R

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ẹ̀pẹ́ níbí, orí ẹja ni iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lé. Mo máa ń lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀ láti wọn gígùn àti ìwúwo àrọ̀, èpìyà àti ọ̀bọ̀kún kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó tà wọ́n tán. Inú Excel ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Ìkòròdú ní kí n fi SPSS sílẹ̀, kí n lo R, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò nọ́ḿbà ìwádìí, kí n sì kọ́kọ́ fa tidyverse wálẹ̀, ìyẹn àkójọ àwọn package (àfikún iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ fún R). Fóònù ni mo fi fún láptọ́ọ̀pù ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń fà á títí dátà fi tán. Nígbà tí mo wá pè é, R ní "there is no package called 'tidyverse'". Ṣé dandan ni package yìí? Ṣé wọn ò ní bèèrè owó lọ́wọ́ mi tó bá yá? Ohun kan tún wà: mo yí fáìlì mi sí CSV, mo sì kà á sínú R, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó ka iye ẹja kọ̀ọ̀kan fún mi, àrọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì bíi pé irú ẹja méjì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ìyànjú. Iṣẹ́ tí o kà sílẹ̀ yìí kò nílò tidyverse. Package kan ṣoṣo, stringi, ni màá ní kí o fà wálẹ̀, nítorí àrọ̀ tó di méjì yẹn sì ni. Ìyókù ti wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ láti ọjọ́ tí o ti gbé R sí i.

R kì í dá wá. Nígbà tí o gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ti kó àwọn package kan dání: stats tó ń ṣe ìṣirò, graphics tó ń ya àwòrán, utils tó ń ka fáìlì. Bí o bá ti ṣí R báyìí, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́, o ò ní í pe èyíkéyìí nínú wọn. MASS, survival àti nlme náà sábà máa ń bá a wá. Ìwọ ṣáà kọ library(MASS), ó dé nìyẹn, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sá tẹ̀ lé tidyverse ni pé òun ni wọ́n ń rí nínú fídíò. Kì í ṣe nǹkan burúkú o, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà ní gígà kan gígà kan yẹ kó kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà nílé.

Ní ti owó, má fòyà. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ R ní Yunifásítì Auckland ní orílẹ̀-èdè New Zealand ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. R 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000. Abẹ́ àṣẹ GPL ni wọ́n gbé e sí: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Package tó wà ní CRAN, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó wọn jọ sí, ti lé ní 20,000, gbogbo ayé ló sì ń kọ wọ́n. Ẹnì kankan ò ní í bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí èèyàn fi ń fi ayédèrú SPSS tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó kòkòrò wọ láptọ́ọ̀pù nígbà tí èyí wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Jẹ́ kí n wá sọ ibi tí dátà rẹ gbà lọ. Tidyverse fúnra rẹ̀ kò tóbi. Àmọ́ ńṣe ló dà bí ìgbà tí o pe ẹnì kan síbi ìnáwó, tó wá kó gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí rẹ̀ dání. Ó gbára lé ggplot2, dplyr, tidyr, readr àti àwọn míì, àwọn yẹn náà sì ní àwọn tí wọ́n gbára lé, R á sì máa kó gbogbo wọn. Kí o tó fa package kankan wálẹ̀, bi R léèrè ìdílé rẹ̀:

tools::package_dependencies("tidyverse", recursive = TRUE)

Orúkọ tó máa jáde á kún ojú rẹ. Wá fi "data.table" sí ipò "tidyverse", kí o tún un bi. Methods nìkan ni wàá rí, èyí tí R ti gbé dání tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí data.table ń ṣe lórí tábìlì ńlá kò kéré sí ti dplyr rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ le díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yìí fúnra rẹ̀ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì o, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni.

Kí ló dé tí R fi ní òun ò rí i lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti fà? Lórí Windows, R máa ń gba gbogbo fáìlì wálẹ̀ tán ná, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń tú wọn sí àyè wọn. Ó jọ pé dátà rẹ tán kí ó tó parí apá àkọ́kọ́, nítorí náà kò tíì tú tidyverse. Èyí tó tún dunni ni pé inú fódà onígbà díẹ̀ ni àwọn èyí tó ti gbà wà. Bí o bá ti ti R pa, ó ti kó wọn dànù. Ìdí nìyẹn tí o fi máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo bí o bá tún gbìyànjú. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n dúró, ṣe fódà kan kalẹ̀, kí o sì júwe rẹ̀:

install.packages("stringi", destdir = "C:/ero_R")

Má gbàgbé pé R máa ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní 60 ìṣẹ́jú àáyá péré. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, tí fáìlì náà kò wọlé tán, R á já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, dátà tó ti lò fún un á sì ṣòfò. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, kọ options(timeout = 600), ó ti fún un láàyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn. Bó bá sì bi ọ́ bóyá kí òun gbé èyíkéyìí "from sources", dáhùn pé No. Bí o bá ní Yes, R á fẹ́ kí Rtools, ohun èlò tó fi ń kọ́ package fúnra rẹ̀, wà lórí ẹ̀rọ rẹ, ìyẹn sì tún ni dátà mìíràn.

Bí iná bá lọ tí láptọ́ọ̀pù sì kú nígbà tó ń tú package, ó lè fi fódà kan tó ń jẹ́ 00LOCK sílẹ̀, á sì kọ̀ láti gbé ohunkóhun wọlé lẹ́yìn náà. Kọ .libPaths(), á fi ibi tí àwọn package ń gbé hàn ọ́. Lọ síbẹ̀, pa fódà tí orúkọ rẹ̀ fi 00LOCK bẹ̀rẹ̀ rẹ́, kí o sì tún gbìyànjú.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá bá mi: install.packages ni ìlà àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ tí wọ́n bá sì ṣí iṣẹ́ náà ni wọ́n ń fa package kan náà wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni install.packages. Library() ni ti ojoojúmọ́, kò sì ná ọ ní nǹkan kan. Pa ìlà yẹn rẹ́ lọ́jọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́.

Tí ọ̀rẹ́ rẹ ará Ìkòròdú bá ti ní gbogbo rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, fúláàṣì yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ìnáwó. Kí ẹ kọ́kọ́ wo R yín méjèèjì: nọ́ḿbà méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu, 4.4 pẹ̀lú 4.4, kì í ṣe 4.3 pẹ̀lú 4.4, kó sì jẹ́ pé Windows ni ẹ̀yin méjèèjì ń lò. Kó kọ .libPaths(), kó ṣe ẹ̀dà àwọn fódà tó wà níbẹ̀ sórí fúláàṣì, ìwọ náà lẹ̀ wọ́n mọ́ inú tìrẹ. Kó má yọ ọ̀kan sílẹ̀, torí èyí tó bá yọ lè jẹ́ èyí tí mẹ́wàá gbára lé.

Ó wá ku àrọ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè rẹ. Lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú àrọ̀ ní àmì nísàlẹ̀, ó tún ní àmì ohùn lókè. Kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ọ̀ pẹ̀lú àmì méjèèjì, nítorí náà ńṣe ló ń tò ó pọ̀. Keyboard fóònù lè tò ó lọ́nà kan, kí ti láptọ́ọ̀pù tò ó lọ́nà mìíràn. Lójú wa, àrọ̀ ni méjèèjì. Nọ́ḿbà ni R ń wò ní tirẹ̀. Wò ó fúnra rẹ (eja ni mo pe tábìlì rẹ, oruko sì ni òpó tí orúkọ ẹja wà):

lapply(unique(eja$oruko), utf8ToInt)

Mo lérò pé ọ̀kan nínú àrọ̀ rẹ á fún ọ ní 224 114 7885 768, èkejì ní 224 114 242 803. Nínú ti àkọ́kọ́, 7885 ni ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, 768 sì ni àmì ohùn tó tẹ̀ lé e. Nínú ti èkejì, 242 ni ò tó ti ní àmì ohùn, 803 sì ni àmì ìsàlẹ̀. Package stringi ló ń sọ gbogbo wọn di oríṣi kan, kò sì gbára lé ohun tí R kò ní:

eja$oruko <- stringi::stri_trans_nfc(trimws(eja$oruko))

Trimws tó wà láàárín ń gé àlàfo tí ọwọ́ ṣèèṣì tẹ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀. Ìyẹn náà lè sọ ẹja kan di méjì. Bó bá jẹ́ <U+1ECD> lo ń rí dípò ọ, R rẹ ti pẹ́ jù nìyẹn. Láti 4.2.0 tó jáde lọ́dún 2022 ni R orí Windows ti ń ka àmì wa dáadáa. Nínú Excel, "CSV UTF-8" ni kí o yàn, má yan CSV lásán, kí ó má bàa sọ àmì di àmì ìbéèrè. Fi orúkọ òpó sílẹ̀ láìní àmì, ó ń dín wàhálà kù. Bí o bá fẹ́ kà á:

eja <- read.csv("eja_oluwo.csv", fileEncoding = "UTF-8-BOM")

Iṣẹ́ gan-an wá ku ìlà mélòó kan. Mú ẹja kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, má da àrọ̀ pọ̀ mọ́ èpìyà:

aro <- subset(eja, oruko == "àrọ̀")
m <- lm(log(iwuwo) ~ log(gigun), data = aro)
confint(m)

Bí R bá ní òun ò rí ẹja kankan, àrọ̀ tí o tẹ̀ sínú subset yẹn náà ń jìyà àìsàn kan náà. Fi stringi::stri_trans_nfc() yí i ká. Kọ coef(m): nọ́ḿbà tó bá log(gigun) jáde ni àwọn oníṣẹ́ ẹja ń pè ní b. Bó bá jẹ́ 3, ẹja náà ń gùn, ó sì ń sanra ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá dín sí 3, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń gùn. Bó bá lé, ó ń ki sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: p-value tí summary(m) ń gbé jáde, bóyá b yàtọ̀ sí òdo ló ń dán wò, ta ni ò sì mọ̀ pé ẹja tó gùn wúwo ju èyí tó kúrú? Ohun tí olùkọ́ rẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó yàtọ̀ sí 3. Wo nọ́ḿbà méjì tí confint gbé kalẹ̀ fún log(gigun). Bí 3 bá bọ́ sáàárín wọn, má kọ pé ó yàtọ̀.

Fún àwòrán, plot(log(iwuwo) ~ log(gigun), data = aro) tó, abline(m) á sì fa ìlà lé e lórí. Bí olùkọ́ rẹ bá ní àwòrán náà ò wuyì, fa ggplot2 nìkan wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ mọ bí ẹja ṣe ń dàgbà lọ́dọọdún tàbí bí wọ́n ṣe ń kú lódò, FSA tí Derek Ogle kọ ni kí o wá, àwọn oníṣẹ́ ẹja ló kọ ọ́ fún. Ti ìsinsìnyí kò dé ibẹ̀.

Má gbàgbé láti dárúkọ R àti stringi nínú ìwé rẹ: citation() àti citation("stringi") á gbé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ jáde. Bó bá sì tún kọ̀, ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí R sọ àti ohun tí sessionInfo() gbé jáde, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi bẹ́ẹ̀. Má ya fọ́tò ojú láptọ́ọ̀pù, mi ò lè rí àmì nínú rẹ̀.