"Láti Fi Jèrè": Èrè Ta Ni Ẹ̀bùn Ẹ̀mí?

Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ ló bi mí pé: "Mi ò ríran, mi ò sọ tẹ́lẹ̀, mi ò sì fi èdè àjèjì gbàdúrà rí. Ṣé èmi náà ní ẹ̀bùn Ẹ̀mí? Kí sì ni ìtumọ̀ 'láti fi jèrè' tí Bíbélì sọ?"

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ara "bùn" la ti yọ ẹ̀bùn. Ohun tí wọ́n bá bùn èèyàn kì í ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀. Charisma lọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò ní èdè Gíríìkì, inú charis ló sì ti jáde, èyí tí àwa ń pè ní oore-ọ̀fẹ́. Ní tiwa, ẹ̀bùn àti oore-ọ̀fẹ́ ò dún jọra létí, ó sì rọrùn fún wa láti gbàgbé pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó ń fi ẹ̀bùn yangàn, oore tí wọ́n ṣe é ló ń fi yangàn.

Ní ti "láti fi jèrè", Kọ́ríńtì Kìíní 12:7 ló wà: "Ṣùgbọ́n a ń fi ìfihàn Ẹ̀mí fún olúkúlùkù ènìyàn láti fi jèrè." Tí Yorùbá bá ti gbọ́ èrè, ọjà ló ń wá sí wa lọ́kàn: mo rà á ní 500, mo tà á ní 700, igba tó lé, tèmi ni. Èrè tí Pọ́ọ̀lù ń sọ kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó lò níbẹ̀ jẹ́ ti àǹfààní tó kan gbogbo èèyàn pọ̀. Ẹ ka orí náà síwájú, ẹ ó rí i pé ojú ò lè sọ fún ọwọ́ pé òun ò fẹ́ ẹ lò. Àwọn àgbà wa náà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó jókòó tì yín ló ni èrè ẹ̀bùn yín.

Kí ló wá dé tí ẹ̀bùn Ẹ̀mí fi di ìran àti ìwòsàn nìkan lẹ́nu wa? Mo gbà pé ìtàn wa ló fà á. Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ló mú kí ẹgbẹ́ aládùúrà dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1925, Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó di 1930, èrò wọ́ lọ sí Òkè-Ooyè n'Íléṣà lọ́dọ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ohun tí àwọn bàbá wa fojú ara wọn rí ni wọ́n sọ lórúkọ, mi ò sì bá wọn wí. Àmọ́ ẹ rántí pé awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni Babalọlá nígbà tí Olúwa pè é ní 1928. Ibi iṣẹ́ ni ìpè ti bá a.

Ẹ wá wo Róòmù 12:6 sí 8. Lẹ́yìn àsọtẹ́lẹ̀, ohun tó kù níbẹ̀ ni iṣẹ́ ìránṣẹ́, ìkọ́ni, ìgbani-níyànjú, ìfúnni, àkóso àti àánú. Kọ́ríńtì Kìíní 12:28 sì to ìrànlọ́wọ́ àti àkóso mọ́ ìmúláradá nínú ẹsẹ kan náà. Iṣẹ́ atukọ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún àkóso níbẹ̀.

Mo ti fojú mi rí i. Iná jó ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan lára wa, gbogbo wa sì péjọ, à ń gbàdúrà kíkankíkan. Nígbà tí a ṣe àmín tán, káfíńtà kan tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó ya ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn, ó ń kọ ọ́: pákó mélòó, páànù mélòó, ìṣó. Lẹ́yìn náà ló wá ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Kí lẹ máa gbé wá?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ohun tó kọ ti ní ẹni tó máa gbé e wá. Wòlíì wà láàárín wa lọ́jọ́ náà, àmọ́ káfíńtà yìí ló tu ọkọ̀ wa gúnlẹ̀. Bẹ́sálẹ́lì inú Ẹ́kísódù 31 ńkọ́? Ọlọ́run ní òun fi Ẹ̀mí òun kún un kó lè ṣiṣẹ́ wúrà, kó gbẹ́ òkúta, kó sì gbẹ́ igi.

Àánú ni àwa ọkùnrin ń sá fún jù, a ní iṣẹ́ àwọn ìyá ni. Ọkùnrin tó ń wẹ bàbá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá mọ́lẹ̀, tí kò sì kanra, tó ń fi inú dídùn ṣe é bí Pọ́ọ̀lù ti wí, ẹ̀bùn Ẹ̀mí ló ń lò yẹn. Ó tiẹ̀ ń dùn mí pé a kì í pe irú wọn síwájú ìjọ.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi bò. Ọkọ tó ń fi "Ẹ̀mí ló ní kí n sọ ọ́" pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kò lo ẹ̀bùn kankan. Kọ́ríńtì Kìíní 14:29 ní kí àwọn tó kù máa yẹ ohun tí wòlíì bá sọ wò. Bí wọ́n bá lè yẹ ti wòlíì wò nínú ìjọ, ìyàwó yín náà lè yẹ tiyín wò nínú yàrá.

Arákùnrin mi, kí ni àwọn èèyàn máa ń torí ẹ̀ ránṣẹ́ pè yín? Ṣé ìgbà tí ìjà bá wọ ilé tọkọtaya kan ni, àbí ìgbà tí ọmọ ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ lóye ìṣirò? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì máa rú ẹ̀bùn rẹ̀ sókè; iná ni ọ̀rọ̀ tó lò níbẹ̀ ń sọ, bí ìgbà tí a bá gbọn eérú kúrò lórí ẹ̀yinná láàárọ̀, tí a sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.